Ṣé Ó Yẹ Ká San Owó Gọbọi Láti Lọ Sùn Nínú Ahéré?

Orí oko ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lé, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn tó pa òwe yìí ti pín ayé sí méjì kí wọ́n tó bí wa. Oko ni ibi làálàá, ilé ni ibi ìsinmi, ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ ni à ń tọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìkíni wa náà tẹ̀ lé ìpín yìí. Ẹni tó ń ro oko lọ́wọ́, a ó kí i pé "àroko bọ́dún dé o." Ẹni tó ti oko dé, "ẹ kú àbọ̀." Mo ti ro gbogbo ìkíni tí wọ́n kọ́ wa láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún ìkẹyìn yìí, n kò rí ẹyọ kan tó wà fún ẹni tó lọ sí oko lọ jókòó.

Síbẹ̀, ìjókòó ní oko ti di ọjà, ọjà náà sì wọ́n. Ibùdó ìgbafẹ́ tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n kọ́ sí etí òkun, sínú igbó tàbí sórí òkè, tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bo òrùlé rẹ̀, tí wọ́n fi igi tí a kò rẹ́ ṣe òpó rẹ̀, tí wọ́n gbé àtùpà sí ẹnu ọ̀nà, tí owó alẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ sì lè tó owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé kíláàsì wa. Àwa ọlọ́dún ìkẹyìn ń jiyàn lórí ibi tí a ó jọ lọ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá. Àwọn kan fẹ́ kí a dáwó, kí a lọ sùn mọ́jú ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní etí òkun. Iye tí wọ́n pín kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ju iye tí ọ̀pọ̀ nínú wa ná lórí títẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti dídì í lọ. Lórí gúrúpù WhatsApp, ẹnì kan kọ ọ́ pé kí ẹni tí kò bá lówó dúró sílé. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ahéré mẹ́ta wà ní oko kòkó bàbá òun, kí a wá sùn lọ́fẹ̀ẹ́, kí kálukú sáà mú àdá tirẹ̀ dání. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́rin ti jáde nínú gúrúpù náà. Ọdún mẹ́rin la ti jọ lò. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ mọ ohun tí owó náà ń rà gan-an, kí ó má lọ jẹ́ pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń tú wa ká.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ọwọ́ wa tó jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú èdè. Bí ẹ bá fẹ́ bú ènìyàn ní Yorùbá láìṣépè, ẹ pè é ní ará oko. Ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn gan-an kò ní èébú kankan nínú: ará ni ènìyàn ibẹ̀, oko ni ibi tí oúnjẹ ti ń wá. Ìlò ló fi èébú kún un. Àwa nìkan kọ́ la sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, villain, tí wọ́n ń lò fún ọ̀daràn inú eré báyìí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ oko olówó ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Boor, tó jẹ́ aláìmọ̀wàáhù, bá boer àwọn ará Netherlands tan, àgbẹ̀ sì ni ìyẹn. Pagan, tó di kèfèrí lẹ́nu àwọn oníwàásù, ará abúlé lásán ni ní èdè Látìn. Ní òdìkejì, urbane, tó jẹ́ ọmọlúwàbí tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìlú ńlá ni. Àwọn ará ìlú ló ń kọ̀wé, àwọn ló sì pín iyì.

(Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Àwọn bàbá wa ya oko etílé sọ́tọ̀ kúrò lára oko ẹgàn, èyí tó jìnnà sínú igbó tí ènìyàn fi ní láti sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹgàn inú igbó kúrò lára ẹ̀gàn tí a fi ń gan ènìyàn. N kò sọ pé wọ́n tan o. Ẹ̀kọ́ wa kò fàyè gba irú ìyẹn.)

Rustic ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbùdó ìgbafẹ́ ń lò báyìí láti fi ṣe àpọ́nlé. Láti inú rus ló ti wá, oko tàbí ìgbèríko ní èdè Látìn, ó sì ti jẹ́ èébú nígbà kan bíi ti àwọn yòókù: ẹni tí ojú rẹ̀ kò là ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ó padà gòkè. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ oko máa ń gòkè lẹ́nu ẹni tí kò sí ìbẹ̀rù kankan mọ́ pé wọ́n lè ka òun mọ́ ará oko. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń ru igi ìdáná kò ní sanwó láti wo igi ìdáná. Èdè Yorùbá kò tíì gbé ará oko gòkè. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé oko kò tíì jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo La Campagne Tropicana, ibùdó tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ ní 1984 ní Ikegun, ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ilé aláwọ̀ Áfíríkà, òrùlé imọ̀ àti igi, ṣe ohun tí a ń sanwó wò ní etí òkun wa. Òkun wà níbẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀, igbó ẹ̀gbá sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni la campagne? Èdè Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìgbèríko. Wọ́n pe oko ní oko, àmọ́ wọ́n gba Paris kọjá kí wọ́n tó pè é. N kò fi ṣe àbùkù sí wọn rárá. Ọgbọ́n ọjà ni. Bí wọ́n bá kọ "Oko" gàdàgbà sí ẹnu géètì, ta ni yóò wọ aṣọ tuntun lọ síbẹ̀?

Nǹkan yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀. Láti 1783 ni Marie Antoinette, ayaba ilẹ̀ Faransé, ti ń jẹ́ kí ayàwòrán-ilé rẹ̀, Richard Mique, kọ́ abúlé kékeré kan fún un nínú ọgbà Versailles. Ọlọ wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ilé ìfúnwàrà wà níbẹ̀. Wọ́n kun ara ògiri kí ó lè dà bí ìgbà tó ti sán, bẹ́ẹ̀ ilé tuntun ni. Nínú ilé ayaba fúnra rẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ tó bá ààfin mu ló kún ibẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó New York náà ṣe tiwọn ní òkè Adirondack. William West Durant fi ìtì igi àti èèpo igi kọ́ Sagamore tán ní 1897. Nígbà tí Alfred Vanderbilt rà á ní 1901, omi gbígbóná inú páìpù àti iná mànàmáná wà lára ohun tó fi kún un. Igi ní ìta, ẹ̀rọ ní inú. Gbogbo ibùdó ìgbafẹ́ olóko tí mo mọ̀ lónìí, ọmọ àwọn méjèèjì yìí ni.

Ti Áfíríkà tó lókìkí jù, Treetops ní Kẹ́ńyà, orí igi ni wọ́n kọ́ ọ sí ní 1932, kí àwọn àlejò lè máa wo erin àti efọ̀n láti òkè. Ibẹ̀ ni Elizabeth, ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní oṣù kejì ọdún 1952 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí òun fúnra rẹ̀ sì di ọba. Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń sọ. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ní 1954, àwọn ajàjàgbara Mau Mau dáná sun ilé náà. Ilẹ̀ ni ìjà wọn dá lé. Igbó tí àlejò ń wò láti òkè, ẹnì kan ti wà nísàlẹ̀ tó ń pè é ní oko tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí òrùlé koríko, nítorí òun ni àwọn tó ń ṣàtakò ní kíláàsì wa kọ́kọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní koríko kò tó nǹkan, kí ló dé tí wọ́n fi ń ta á lówó wúrà? Koríko kò tó nǹkan lóòótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ ló tó nǹkan. Ẹ wo Ọ̀yọ́. Kí páànù tó dé, koríko ni òrùlé ààfin Aláàfin, tó fi mọ́ àwọn kọ̀bì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ní ààfin. Kò sí ìdílé kan tó lè dá gé koríko tí yóò bo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìdí tí ọdún Bẹẹrẹ fi wà nìyẹn. Lọ́dọọdún, àwọn ará ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ń gbé koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin bò, iye Bẹẹrẹ tí ọba bá sì ti ṣe ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tó ti lò lórí ìtẹ́. Ẹ ronú sí i: koríko ni kàlẹ́ńdà, koríko ni ìṣákọ́lẹ̀, koríko náà ni òrùlé. Ẹni tó ní òrùlé koríko ńlá ni ẹni tó ní ènìyàn púpọ̀.

Ìdí ni pé koríko kì í pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ gan-an, tó dégíríì 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òjò má baà jókòó sórí rẹ̀. Ó máa ń jẹrà, eku àti aláǹgbá ń fi ṣe ilé, iná sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà ọyẹ́. Ìdí rèé tí àwọn bàbá bàbá wa, nígbà tí owó kòkó dé ọwọ́ wọn, fi sáré ra páànù. Ilé onípáànù di ohun àmúyangàn. Ẹnikẹ́ni tó bá wo Ìbàdàn láti orí òkè, tó rí àwọn òrùlé tó ti dípata tí wọ́n tẹ́ lọ bí ẹní, ohun tó ń wò ni àwọn tó sá kúrò lábẹ́ koríko. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá wá ń sanwó láti padà sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ibùdó náà ní láti ṣe ohun tí Aláàfin ń fi gbogbo ìlú ṣe, owó oṣù ni yóò sì fi ṣe é. Apá yìí nínú owó náà, èmi kò bá a jà. Ó tọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn òrùlé, ohun tí wọ́n fi pamọ́ ló kù. Àwọn tó ń ta ìdákẹ́jẹ́ ní láti gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá, kí wọ́n sì ri wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta òkùnkùn àti ìràwọ̀ ní láti ní iná tó tó fún fíríìjì ẹja. Dísẹ́ẹ̀lì ń gba ọ̀nà tí kò dára dé ibẹ̀. Kànga ẹ̀rọ ní láti wà, ihò ìdọ̀tí kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Atẹ́gùn òkun ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń jẹ irin ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò tí a kì í ṣe: hòtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́fà nínú ìlú lè pín owó kànga kan sórí ọgọ́rùn-ún yàrá, ṣùgbọ́n ibùdó tó ń ta àìsí-èrò kò lè kọ́ ju yàrá díẹ̀ lọ, torí bí wọ́n bá kọ́ ọgọ́rùn-ún, èrò ti dé nìyẹn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú ni ibẹ̀ ń kún. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, yàrá tó ṣófo ṣì ń gba alágbàfọ̀, alásè àti ọlọ́dẹ. Àwa tó bá lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ ló ń san ti Ọjọ́rú tí kò sẹ́ni tó wá.

Nígbà tí mo ro gbogbo èyí pọ̀, mo wá padà sí ọ̀rọ̀ àdá tí ọmọ kíláàsì wa sọ. Àwàdà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ìdáhùn jù. Ní oko gidi, kò sí ẹni tí a kì í fún ní iṣẹ́. Ọmọdé yóò lé ẹyẹ, ìyàwó yóò kó ẹrù, ẹni tó bá wá kí ni yóò ba wa gbé apẹ̀rẹ̀ kan bọ̀ wálé. Ahéré kì í ṣe ibi ìgbàlejò. Ibi tí a ti ń yẹra fún òjò tí a sì ti ń tọ́jú irinṣẹ́ ni. Ohun tí ibùdó olówó gọbọi ń tà ni ipò kan tí oko Yorùbá kò ní tẹ́lẹ̀, ìyẹn àlejò ní oko. Ẹni yẹn ń rí oko, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń jẹ iṣu sísun, kò sì sí ẹni tó máa na àdá sí i. Iṣẹ́ tí kò ṣe yẹn, ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Fún ìdí yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nípa ibùdó yòówù ni bóyá àwọn ará abúlé tó yí i ká ló ń gba owó iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n wá lọ kó òṣìṣẹ́ láti ibòmíràn, tí wọ́n sì fi odi dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí òkun, ìtàn Treetops ni wọ́n ń tún kọ.

Ìbéèrè kejì rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá yọ yàrá kúrò, kí ló kù?

Ní Ìkógòsì ní Èkìtì, ohun tó kù pọ̀ gan-an. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń pàdé. Ní orísun, ooru ti gbígbóná tó nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 37, ìyẹn ooru inú ara wa gẹ́lẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìyàwó méjì ọkọ kan ni wọ́n, ẹ kò sì ní béèrè èwo nínú wọn ló gbóná. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ní àwọn ọdún 1950, ìjọba sì ti tún un kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Ilé ibẹ̀ lè dára lónìí, kó bàjẹ́ lọ́la, kí wọ́n tún un ṣe lọ́tùn-ún. Omi náà kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó san owó ìwọlé ní géètì, tó sì padà sílé nírọ̀lẹ́, omi kan náà ló wẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó gba yàrá tó wọ́n jù. Bákan náà ni Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń dà láti orí ìpele méje. Bákan náà ni Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, tí ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè rẹ̀. Ní irú ibi báyìí, ilẹ̀ ni ọjà, yàrá kàn jẹ́ ènì ni.

Òdìkejì rẹ̀ ni òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River. Níbẹ̀, mo gbà pé ó tọ́ kí ènìyàn sanwó sùn, bí ó bá ní in. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,600 sókè òkun, òtútù ibẹ̀ kò sí níbòmíràn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní Nàìjíríà, òru àti ìdájí ni òtútù náà sì ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tó dé ní ọ̀sán tó sì padà ní ọ̀sán kò tíì rí ohun tó bá wá. Etí òkun náà ní tirẹ̀ lóru, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí òru kan ṣoṣo ni, tí a ó dé lágogo mẹ́ta ọ̀sán nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lẹ́kkí, tí wọ́n yóò sì ní kí a kó ẹrù wa jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wákàtí mélòó ni a ó lò lójú ṣíṣí?

Irú kan wà tí n kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún, ọlọ́rọ̀ tàbí tálákà. Ìyẹn ni ilé búlọ́ọ̀kù lásán nínú ìlú, tí wọ́n kó imọ̀ lé páànù lórí, tí wọ́n so igbá mọ́ ògiri, tí wọ́n sì pe yàrá kọ̀ọ̀kan ní "hut." Kò sí igbó lẹ́yìn rẹ̀, kò sí omi níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ni àwa ní ẹ̀ka yìí ní lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìdìbò wa yóò wáyé ní ọjọ́ Ẹtì, ibi tí mo wà nìyí: kí a gba ọkọ̀ kan, kí a jí lọ sí Ìkógòsì, kí a san owó ìwọlé, kí a wẹ̀, kí a jẹun, kí a padà. Ìdáwó yẹn yóò kéré débi pé kò ní sí ẹni tí a ó ní kó dúró sílé, mo sì fẹ́ kí àwọn mẹ́rin tó jáde padà wọlé kí a tó ka ìbò. Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ ti ẹ̀ka wa nìkan. Èkìtì ni, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, tí iṣu sì ń jẹ́ usu lẹ́nu àwọn àgbà. Ọdún mẹ́ta la ti ń ka nípa fáwẹ̀lì yẹn nínú ìwé. Bí a bá bẹ àgbàlagbà kan níbẹ̀ kó mú wa rìn nínú igbó náà, kó máa dárúkọ igi fún wa, tí a sì fún un lówó tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, a ó ti rí ohun kan gbà tí kò sí lórí ìwé iye owó ibùdó kankan. Ìrókò, ọ̀pẹ àti àràbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa lè dá mọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, "igi" ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti ń gba owó oṣù, tí ẹ sì fẹ́ lọ sùn ní ibi tó wọ́n, ẹ lọ, ẹ gbádùn ara yín. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù ná. Ẹ béèrè iye owó àárín ọ̀sẹ̀, nítorí ó sábà máa ń dín. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ wà nínú owó náà, torí kò sí búkà kankan ní ẹ̀yìn géètì tí ẹ lè sá lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹni tí kò sùn lè wọlé fún ọjọ́ kan, kí ni yóò sì rí tí ẹni tó sùn rí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ imọ̀ orí òrùlé gbẹ̀yìn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín bí jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe jìnnà tó sí yàrá tí wọ́n fẹ́ fún yín.